Gbọ̀ngàn Òkìtì Tí A Ṣí Padà, àti Ilé Tí Ọmọ Ń Padà Sí

A mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ní London, tàbí ní Manchester, tàbí ní Houston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí a ti fi orúkọ wọn sí ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé tí ń kọ́ eré òkìtì. Kì í ṣe irú òkìtì tí àwọn ọmọkùnrin wa ń ta lórí iyanrìn ni à ń wí. Inú gbọ̀ngàn ńlá ni a ti ń kọ́ eyí. Ọmọ a máa rìn, a sì máa fò, lórí igi kan tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, tí ó sì ga ní mítà 1.25 sí ilẹ̀. A máa rọ̀ mọ́ ọ̀pá, a sì máa yí ara rẹ̀ po lójú òfuurufú kí ó tó fi ẹsẹ̀ balẹ̀. Nígbà tí àjàkálẹ̀-àrùn COVID-19 dé ní ọdún 2020, eré yìí wà lára àwọn tí ó ṣòro láti ṣí padà. Àwa rò pé ó yẹ kí a gbé ọ̀ràn náà yẹ̀ wò nísisìyí tí ìdágìrì ti kọjá, nítorí pé kì í ṣe ibi tí gbogbo ènìyàn tẹjú mọ́ ni ewu náà fi ṣe ibùjókòó.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 2020 ni a ti àwọn gbọ̀ngàn eré pa. Ó di ọjọ́ 25 oṣù keje kí a tó ṣí wọn. A tún tì wọ́n ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá. Ní oṣù kejìlá a ṣí wọn ní ọ̀pọ̀ ibi. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021 a tún tì wọ́n, ó sì di ọjọ́ 12 oṣù kẹrin kí àwọn ọmọdé tó lè padà sí eré inú ilé.

Ẹ jẹ́ kí a ro oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn wò. Ọmọ tí ó ti ń lọ sí gbọ̀ngàn ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀ wá di ẹni tí ń jókòó sí iwájú tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ di alẹ́. Ó ga sí i, ó sì wúwo sí i, ṣùgbọ́n agbára apá rẹ̀ dín kù. Òkìtì tí ara kúkúrú ta ní oṣù kẹta, ara gígùn ni yóò ta á ní oṣù keje. Ọkàn ọmọ kò mọ èyí. Ohun tí ó lè ṣe tẹ́lẹ̀ ni ó rántí, ó sì ń fẹ́ ṣe é ní ọjọ́ kìn-ín-ní gan-an, pàápàá bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ń wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni eegun ọmọdé sì ní ibi tí ó rọ̀ ní ìpẹ̀kun rẹ̀, níbi tí ó ti ń dàgbà. Ọrùn-ọwọ́ àti gìgísẹ̀ ni eré yìí ti máa ń ṣe é léṣe nígbà gbogbo, bí a bá di iṣẹ́ púpọ̀ rù ú lójijì lẹ́yìn ìsinmi gígùn. Nítorí náà ni àwọn olùkọ́ tí ó gbọ́n fi bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀: ara nínà, fífi ọwọ́ dúró, fífò kékeré, àti bí a ti ń fi ẹsẹ̀ balẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kí wọ́n tó jẹ́ kí ọmọ ta òkìtì kan ṣoṣo. Òbí tí ó bá kùn pé owó òun ń ṣòfò lórí irú iṣẹ́ ọmọ ìrákòrò bẹ́ẹ̀, àwa kò ní bá a kùn.

Ohun kan tún wà tí àwọn òṣèré yìí mọ̀, tí ó ṣòro fún ẹni tí ń wò wọ́n láti mọ̀: ènìyàn lè sọnù lójú òfuurufú, kí ó má mọ ibi tí òkè wà àti ibi tí ilẹ̀ wà. Ní ọjọ́ 27 oṣù keje ọdún 2021, ní ìdíje Òlíḿpíìkì ní ìlú Tokyo, Simone Biles ará Amẹ́ríkà pinnu láti yí ara rẹ̀ ní ìgbà méjì àti ààbọ̀ nínú fífò kan, ẹ̀ẹ̀kan àti ààbọ̀ péré ni ó rí yí, ó sì yọwọ́ kúrò nínú ìdíje náà lójú gbogbo ayé. A kò wí pé gbọ̀ngàn títì ni ó fa tirẹ̀. Ohun tí a ń wí ni pé, bí ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú eré yìí bá lè dúró nígbà tí ara rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu, kò yẹ kí ojú ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án láti wí fún olùkọ́ pé ẹ̀rù ń ba òun.

Nínú eré òkìtì, ọwọ́ olùkọ́ ni àkàbà ọmọ. Òun ni ó ń ti ẹ̀yìn rẹ̀, tí ó ń gbé ìbàdí rẹ̀ sókè, tí ó sì ń mú un bí ó bá fẹ́ fi orí lélẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àwọn gbọ̀ngàn, ìlànà ni pé kí olùkọ́ jìnnà sí ọmọ. Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ti rí: ní àkókò tí ara ọmọ rẹ̀ jùlọ ni a mú àkàbà kúrò lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ọ̀nà àbáyọ mìíràn ju pé kí ohunkóhun tí ó bá fẹ́ ọwọ́ dúró de ìgbà tí ọwọ́ lè padà. Olùkọ́ tí ó bá ní kí ọmọ máa dá a ṣe títí ìlànà yóò fi yí padà ń gbà á lọ́wọ́ àrùn, ó sì ń fà á lé ìṣubú lọ́wọ́.

Ní ti ohun èlò, a kò lè wí pé wọn kò ṣe aápọn. Ẹfun tí àwọn ọmọ fi ń pa àtẹ́lẹwọ́ kí ó má baà yọ̀, tí wọ́n ti ń bù papọ̀ nínú àwo kan, di ti olúkúlùkù nínú àpò tirẹ̀. Kòtò tí ó kún fún fóòmù gígé, èyí tí ọmọ ń já sí láìfarapa, kò ṣeé fọ̀. Ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn sì bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n ń nu igi, wọ́n ń nu ọ̀pá, wọ́n ń nu ẹní. Ó dára bẹ́ẹ̀, a kò sì bá ìmọ́tótó jà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 2021, àjọ tí ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, tí à ń pè ní CDC, kéde pé bí ènìyàn bá fọwọ́ kan ohun tí kòkòrò àrùn náà wà lára rẹ̀, ewu pé yóò tipa bẹ́ẹ̀ kó o kò tó ẹyọ kan nínú 10,000. Èémí ni ọ̀nà àrùn náà. Ọmọ tí ń sáré, tí ń mí gúlegúle nínú ilé tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa nítorí òtútù, òun ni ó yẹ kí a rò ju igi lọ. Fèrèsé ṣíṣí, ọmọ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àti kí àwọn òbí dúró níta dípò kí wọ́n máa jókòó wòran: ìwọ̀nyí tóbi ju ìgò oògùn àfinùlẹ̀ lọ.

Ìpínlẹ̀ Oklahoma fi èyí hàn wá. Láti àárín oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2021, àrùn náà, nínú ẹ̀yà rẹ̀ tí a ń pè ní Delta, ràn ní gbọ̀ngàn òkìtì kan níbẹ̀. Ènìyàn 47 ni a kà. Àwọn tí ń ta òkìtì jẹ́ 23, àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́ 3. Àwọn 21 yòókù jẹ́ ará ilé wọn. Nínú gbọ̀ngàn náà, bí ènìyàn 20 nínú 100 ni ó kó o. Nínú ilé, bí 53 nínú 100. Àgbàlagbà méjì dé ilé ìwòsàn, a sì gbé ọ̀kan nínú wọn sí yàrá àwọn tí àìsàn wọn le koko. Púpọ̀ jùlọ nínú àwọn 47 náà ni kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ti àwọn ọmọdé yé wa, nítorí pé nígbà náà a kò tíì fi àyè gba ẹni tí kò tó ọdún 16. Ti àwọn àgbàlagbà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ tún ka iye náà. Ilé ni àrùn náà ti ràn jù. Bẹ́ẹ̀ ni àwa Yorùbá kì í gbé ilé láìsí àgbà. Ìyá àgbà tí ó kúrò ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta láti lọ bá wọn tọ́jú ọmọ, òun ni ó ń bọ́ aṣọ eré lọ́rùn ọmọ nígbà tí ó dé, òun ni ọmọ ń sùn tì. Kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà gbọ̀ngàn náà.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti ìkọ́ tí a fi pamọ́. Ní ìlú Chicago, ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2020, àwọn 81 kan péjọ ṣe eré ìdárayá nínú ilé. 55 nínú wọn ni ó kó àrùn náà, àwọn 22 sì wá ní ọjọ́ tí àmì àìsàn hàn lára wọn tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Àgbàlagbà ni wọ́n! Kí ni a óò retí lọ́wọ́ ọmọ tí ìdíje rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì, tí bàbá rẹ̀ sì ti san owó oṣù tí a kì í dá padà? Ẹni tí ó ni gbọ̀ngàn, tí ó sì ń gba owó ọjọ́ tí ọmọ fi dùbúlẹ̀ àìsàn, owó ni ó fi ń ra ìkọ́ wọlé. Kí ó dá owó ọjọ́ wọ̀nyẹn padà, kí ó sì fi àyè ọmọ náà pamọ́ dè é nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ béèrè èyí lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó san owó sáà tuntun, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé fún yín.