Ohùn Inú Òfúrufú: Gbígbọ́ Kì í Ṣe Ìdájọ́

Àwọn kan wà tí ìgbádùn wọn ni kí wọ́n gbé rédíò kékeré tí a ń pè ní scanner sétí, kí wọ́n máa gbọ́ bí awakọ̀ hẹlikọ́pítà àti àwọn adarí ọkọ̀ òfúrufú ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń gba orí ìgbì rédíò láàárín 118 sí 137 MHz, kò sì sí ohun tó bò ó. Ààbò ló fà á: ó yẹ kí awakọ̀ kan máa gbọ́ ibi tí èkejì wà.

Òfin kò ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Amẹ́ríkà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú gbígbọ́ ọ. Ní Ìlú Ọba, òfin rédíò ọdún 2006 ka mímọ̀ọ́mọ̀ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tí a kò bá ọ sọ sí ẹ̀ṣẹ̀. Lójú tèmi, Amẹ́ríkà ló tọ̀nà. Orí òrùlé ará ìlú ni hẹlikọ́pítà ń gbà kọjá. Kí ló burú bí onílé bá mọ ohun tó ń lọ lókè orí rẹ̀?

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni gbígbọ́, ọ̀tọ̀ ni mímọ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún 2020, hẹlikọ́pítà tó gbé Kobe Bryant, ọmọbìnrin rẹ̀ àti àwọn méje mìíràn já lu òkè ní Calabasas, nítòsí Los Angeles. Kò pẹ́ tí ohùn awakọ̀ náà fi gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Ó ní òun ń gòkè lọ sí ẹsẹ̀ bàtà 4,000. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, àwọn olùwádìí ìjọba ṣàlàyé pé ní àkókò náà gan-an, ìsàlẹ̀ ni hẹlikọ́pítà ń já bọ̀. Awakọ̀ kò purọ́. Ìkùukùu ni kò jẹ́ kó mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀ mọ́.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀rí kan ṣoṣo ni ohùn inú rédíò. Ó ku ti ojú ọjọ́, ó ku ti ẹ̀rọ. Ó lé ní ọdún kan kí àwọn olùwádìí tó sọ ìdájọ́ wọn. Kí ló wá ń lé olùgbọ́ tí yóò fi dá tirẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú?

Nítorí náà, kí ìjọba má ṣe fi òfin dí etí ará ìlú, kí olùgbọ́ náà sì kó ẹnu rẹ̀ ní ìjánu. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kí ó má ṣe jẹ́ orí fóònù ni ìyá yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ikú ọmọ rẹ̀.