Ìwòsàn Jẹjẹrẹ Àpò Ìtọ̀ Kò Gbọdọ̀ Fòpin Sí Àyẹ̀wò

Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ mu. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbà pé bí dókítà bá ti yọ kókó náà, ọ̀rọ̀ ti parí. Èrò yìí léwu.

Ìdí ni pé irú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ inú àpò ìtọ̀ ló tẹ́ inú ọ̀pá méjèèjì tó ń gbé ìtọ̀ wá, títí dé inú kíndìnrín. Ohun tó ba awọ náà jẹ́ nísàlẹ̀, pàápàá èéfín sìgá, lè ti bà á jẹ́ lókè pẹ̀lú. Kókó tuntun lè tipa bẹ́ẹ̀ yọ lókè lẹ́yìn ọdún púpọ̀, kódà lára ẹni tí wọ́n ti gé àpò ìtọ̀ rẹ̀ kúrò.

Lóòótọ́, àwọn tí èyí ń ṣẹlẹ̀ sí kì í sábà ju 10 lọ nínú 100. Ṣùgbọ́n awò tín-ín-rín tí dókítà fi ń wo inú àpò ìtọ̀ kì í rí òkè. Wọ́n lè sọ fún aláìsàn pé àpò ìtọ̀ rẹ̀ mọ́, kí àrùn sì máa dàgbà lẹ́bàá kíndìnrín. CT scan, pẹ̀lú oògùn tó ń mú kí ọ̀nà ìtọ̀ hàn kedere, ló sábà máa ń tú u fó. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló nílò rẹ̀ lọ́dọọdún. Bí jẹjẹrẹ àkọ́kọ́ ṣe le tó ni dókítà yóò fi pinnu.

Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tọ ẹ̀jẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ìbáà má dun ún, kò yẹ kó pè é ní àtọ̀sí ajá kó sì lọ ra oògùn ní kẹ́míìsì. Ilé ìwòsàn ló yẹ kó gbà lọ.

Owó ni ìṣòro tó kù. Òfin ọdún 2022 ti sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà. Àǹfààní òfin náà kò ní kún bí ó bá san owó iṣẹ́ abẹ tí kò sì san owó àyẹ̀wò tó yẹ kó tẹ̀ lé e. Ó sì yẹ kí ilé ìwòsàn kọ ọjọ́ àyẹ̀wò sílẹ̀ fún aláìsàn kó tó lọ sílé. Ìwòsàn tí kò ní ìṣọ́ lẹ́yìn, ààbọ̀ ìwòsàn ni.