Ọmọ tí a rán lọ sọ́nà jíjìn, ta ló mọ ọjọ́ tó máa padà?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ló kàn mí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Mọ́mọ́nì ni, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹ máa ń rí ní Kútọnù, méjì méjì, ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ́rùn, táì nínú oòrùn ọ̀sán gangan, àti àmì dúdú kékeré kan láyà tí wọ́n kọ orúkọ sí. Èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn, mi ò sì wá bá ẹnikẹ́ni jiyàn ẹ̀sìn. Ìgbé ayé tí wọ́n ń gbé ni mo fẹ́ sọ, nítorí ó kan ohun tí àwa náà ń ṣe lójoojúmọ́: ká mú ọmọ kúrò nílé, ká rán an lọ síbi tó jìnnà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Lórí àmì àyà yẹn, «Elder» ni wọ́n kọ síwájú orúkọ bàbá rẹ̀, ìyẹn Alàgbà. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí a bá pè ní alàgbà, irun rẹ̀ á ti máa funfun. Tiwọn, ọmọ ọdún 18 tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù tán ni. Orúkọ Mọ́mọ́nì yẹn pàápàá, láti ọdún 2018 ni olórí wọn nígbà náà, Russell Nelson, ti ní kí wọ́n yé pe ìjọ náà bẹ́ẹ̀. Ìjọ Jésù Krístì ti àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́ Ìkẹhìn ni wọ́n fẹ́. Orúkọ náà gùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n máa lo èyí tí gbogbo wa mọ̀.

Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe rí. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ lọ á kọ̀wé sí àwọn àgbà ìjọ. Òun kọ́ ló máa yan ibi tí yóò lọ. Láti Salt Lake City ni wọ́n ti ń yàn án. Ìwé á jáde, wọ́n á ní Brazil ni, tàbí Philippines, tàbí Bẹ̀nẹ̀, wọ́n á sọ èdè tí yóò fi ṣiṣẹ́ àti ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀. Ọdún 2 ni ti ọkùnrin, oṣù 18 ni ti obìnrin. Kò sí owó oṣù níbẹ̀. Òun, ẹbí rẹ̀ àti ìjọ rẹ̀ ló ń gbé bùkátà náà: láti ọdún 2020, dọ́là 500 lóṣù ni ti ọmọ Amẹ́ríkà. Ẹ ṣírò oṣù 24, ó di dọ́là 12,000. Kí wọ́n tó rán an jáde, ó máa lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ọ̀kan wà ní Provo, ní ìpínlẹ̀ Utah. Ọ̀kan wà nítòsí wa níbí, ní Ghana.

Èmi tí mo fi Faransé ṣe iṣẹ́ jẹun, mo mọ ohun tó wà nínú kíkọ́ èdè. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n fún ọmọ tí kò gbọ́ Faransé rí, lẹ́yìn náà ó di Kútọnù. Ibẹ̀ ló ti máa mọ̀ pé Faransé tó kọ́ kò tiẹ̀ tó, pé ìyá tó ń ta ata ní Dantokpa, Fọ̀n ló fi ń nájà, tàbí Gùn, tàbí Nàgó. Kò sí ìwé tó ń kọ́ni ní bí a ṣe ń kí ìyá aláta kó tó sọ iye ọjà.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n ń jí, aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ ni wọ́n ń sùn. Kò sí sinimá, kò sí ọ̀rẹ́bìnrin, kò sí pé mo fẹ́ sáré dá lọ ra gàrí ní ìkóríta. Ẹnìkejì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tí ojú àti ohùn ti tó o. Ẹnìkejì yẹn náà, wọ́n yàn án fún un ni. Ọmọ Utah lè bá ara rẹ̀ nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ọmọ Kóńgò, kí wọ́n jọ máa gbàdúrà, kí wọ́n jọ máa dáná, kí wọ́n jọ máa jà lórí ẹni tó kàn láti fọ ìkòkò. Tí wọ́n bá ti mọwọ́ ara wọn tán, wọ́n lè ṣí ọ̀kan lọ sí ìlú mìíràn. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ló wà fún aṣọ fífọ̀, ọjà rírà àti ìwé kíkọ sílé. Àwọn ọjọ́ tó kù, ẹsẹ̀ rírìn ni, ilẹ̀kùn kíkàn ni, kí wọ́n sì máa tì í mọ́ wọn lójú. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ẹ̀rín lé wọn kúrò lẹ́nu ọ̀nà rí, ilẹ̀kùn yín lè jẹ́ ogún lọ́jọ́ náà.

Kì í ṣe ọmọ òyìnbó nìkan o. Ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 1978, ìjọ yẹn kì í fún ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ní oyè àlùfáà wọn. Ọdún yẹn ni wọ́n yí i padà, kí ọdún náà tó parí, àwọn ajíhìnrere wọn ti dé Nàìjíríà àti Ghana. Lónìí, ọmọ Áfíríkà pọ̀ nínú àwọn tó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn. Lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó di 1978, mo ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ọ̀rọ̀ náà sì le, ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn ni tìyẹn.

Ìtàn ẹnì kan nínú wọn ló mú mi jókòó kọ èyí. Joseph F. Smith ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n Joseph Smith tó dá ìjọ náà sílẹ̀ ní 1830. Ọmọ ọdún 5 ni nígbà tí wọ́n pa bàbá rẹ̀ ní 1844. Ìyá rẹ̀ kú ní 1852. Ní 1854, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ nínú ìpàdé ńlá ìjọ pé kó lọ wàásù ní erékùṣù Hawaii. Ọmọ ọdún 15 ni. Kò sí owó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní láti dúró ṣiṣẹ́ ní California kó tó rí owó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ó dé ọ̀hún, kò gbọ́ èdè, àìsàn sì dá a dùbúlẹ̀. Ní erékùṣù Molokai, obìnrin ọmọ ilẹ̀ náà kan gbà á sílé, ó ń tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ tí òun bí. Ọmọ náà yè. Ó gbọ́ èdè wọn débi pé ó ń fi wàásù. Nígbà tó yá, iná jó ilé tí ẹrù rẹ̀ wà. Wọ́n ní òun àti ẹnìkejì rẹ̀ kò ní ju aṣọ kan ṣoṣo tó ṣeé wọ̀ lọ ìsìn lọ, bí ọ̀kan bá wọ̀ ọ́ lọ, èkejì á dúró sílé. Ó lé ní ọdún mẹ́ta kó tó padà.

Ọmọ náà dàgbà, òun ló di olórí gbogbo ìjọ wọn ní 1901. Ó padà lọ kí àwọn ará Hawaii nígbà tó ti di arúgbó. Obìnrin yẹn ṣì wà láàyè, ojú rẹ̀ ti fọ́. Wọ́n mú un wá sí etíkun, ó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́, ó ń pe Iosepa, bí àwọn ará Hawaii ṣe ń pe Joseph. Olórí ìjọ bọ́ sí iwájú, ó dì mọ́ ọn, ó ń pè é ní ìyá òun.

Àwọn ará ìjọ náà fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn yìí, wọ́n fi ń yin ìgbàgbọ́. Èmi, ohun mìíràn ni mo rí nínú rẹ̀. Kí ló gba ọmọ ọdún 15 yẹn lọ́wọ́ ikú? Ìjọ tó rán an kò fún un lówó ọkọ̀, kò sọ ọjọ́ tí yóò padà fún un. Àánú obìnrin kan ni. Tó bá jẹ́ ilé obìnrin tó burú ló já sí ńkọ́? Ọmọ tí ayé rẹ̀ rọ̀ mọ́ orí rere nìkan, a ò rán an níṣẹ́, a jù ú nù ni.

Wọ́n kọ́gbọ́n díẹ̀díẹ̀ ṣá. Òfin tí àwa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín lónìí, méjì méjì, aago oorun, ẹnìkejì tí kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni, ọgbà ni wọ́n fi yí ọmọ náà ká. Ó mọ ọjọ́ tó máa padà kó tó gbéra. Àgbàlagbà kan wà nítòsí tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó mọ̀ bí ibà bá mú un. Síbẹ̀, ó pẹ́ kí ojú wọn tó là dé orí ohun kan: títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni ọmọ náà lè pe ilé lórí fóònù, ọjọ́ Kérésìmesì àti Ọjọ́ Àwọn Ìyá. Ìwé ni wọ́n ń kọ láàárín. Oṣù kejì ọdún yẹn ni wọ́n ní ó lè máa pe ilé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èmi ò mọ àtúnṣe tí wọ́n ṣe tó dára tó ìyẹn. Ọmọ lè kọ ọ́ sínú ìwé pé ara òun le, ṣùgbọ́n bó bá ní «Màmá, mo wà dáadáa», ìyá á gbọ́ nínú ohùn rẹ̀ bóyá ó wà dáadáa.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ wọn kò tíì gún, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti jọ wá. Ẹni tó bá parí ọdún rẹ̀ padà, ẹbí á kóra jọ sí pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n á gbé àkọlé dání, ẹkún ayọ̀ á sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó padà kí ọjọ́ tó pé, bóyá àìsàn, bóyá ọkàn rẹ̀ ló rẹ̀wẹ̀sì, bóyá àárò ilé ló ń pa á, òun máa ń fi ìtìjú wọlé. Àwọn ènìyàn á máa bi í pé kí ló ṣe tí wọ́n fi dá a padà. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń rò pé àwọn já ìyá àwọn àti Ọlọ́run kulẹ̀ pọ̀. Ta ni kò mọ irú rẹ̀ lọ́dọ̀ wa? Ẹni tó wà ní Libreville láti ọdún mẹ́jọ, tí kò rí nǹkan kó jọ, tó ń gbọ́ ikú bàbá rẹ̀ lórí fóònù tí kò lè wálé nítorí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n àwa la fi owó orí sí ẹnu ọ̀nà ilé.

Mo dé ibi tí mo ń lọ wàyí. Àwa náà ń rán ọmọ lọ sọ́nà jíjìn, ti wa kò sì dúró de ọdún 18. Ọdún 8 ni, ọdún 10 ni. Ará Fọ̀n ń pè é ní vidomègon, àwa ń pè é ní ọmọ ọ̀dọ̀. Nígbà ayé àwọn bàbá wa, ẹ̀gbọ́n ìyá ló ń mú ọmọ lọ kọ́ iṣẹ́, gbogbo ilé sì mọ ibi tó wà. Èyí tí à ń ṣe nísinsìnyí, alágbàtà tí a kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀ ló ń wá mú ọmọ. A kò ṣáà tíì gbàgbé ọkọ̀ ojú omi Etireno ní oṣù kẹrin ọdún 2001, tó gbé ọmọ wẹ́wẹ́ kúrò ní Kútọnù, tí wọ́n kò jẹ́ kó gúnlẹ̀ ní Gabon, tó tún padà wá. A kò gbàgbé àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n kó kúrò níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní Abẹ́òkúta ní 2003. Òfin wà láti 2006 lórí gbígbé ọmọdé kúrò níbì kan lọ síbòmíràn. Ó wà nínú ìwé, ní Faransé tó dára gan-an.

Ẹnì kan á dá mi lóhùn pé ọmọ Amẹ́ríkà ní ẹbí tó lè san dọ́là 500 lóṣù, pé ebi ló ń lé tiwa kúrò nílé. Òótọ́ ni, mi ò ní fi àsọdùn bò ó. Mi ò sì sọ pé kí ẹ má rán ọmọ jáde. Ọ̀pọ̀ wa tó mọ̀wé lónìí, ilé ẹlòmíràn la gbé kà á. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí àwọn Mọ́mọ́nì fi yí ọmọ wọn ká, èwo ló gbówó lórí jù? Ká sọ ọjọ́ tí yóò padà níwájú ẹlẹ́rìí, èló ni? Ká rí i pé ọmọ náà fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọjọ́ yẹn? Ká rán ọmọ méjì lọ sí àdúgbò kan náà kí wọ́n lè máa rí ara wọn? Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Obìnrin tó bá kọ̀ kí ọmọ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ti sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín. Ẹ lọ mú ọmọ yín.

Àwa olùkọ́ ló kọ́kọ́ ń rí i. Tí ilé ìwé bá wọlé, mo máa ń pe orúkọ nínú ìwé ọdún tó kọjá, orúkọ kan á wà tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Àwọn ọmọ á ní ó ti lọ sí Èkó, tàbí Kútọnù. Bí mo bá pàdé ìyá rẹ̀ lọ́jà, lẹ́yìn tí a bá ti kí ara wa tán, mo máa ń bi í pé ìgbà wo ló ń bọ̀. Èsì tí mo ń gbà kì í yàtọ̀: «Mùṣé, bó bá yá.»