Ìdánwò Àwòrán Kì í Ṣe Òṣùwọ̀n Ọgbọ́n

Ẹ̀yin ìjòyè àti ọ̀mọ̀wé ìlú, a kò lè dákẹ́. Àwọn agbanisíṣẹ́ a máa to àwòrán márùn-ún síwájú ọ̀dọ́ pé kí ó mú èyí tí kò bá ẹgbẹ́ mu. Bí ó bá kùnà, wọn a kà á sí òpè. Èyí kò tọ́.

Ní 1931, Luria, ọ̀mọ̀wé ará Rọ́ṣíà, fi àwòrán igun han àwọn ará Uzbekistan. Àwọn tí kò kàwé rí pe èyí tí ó rí róbótó ní òṣùpá, wọ́n pe onígun mẹ́ta ní tírà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó mọ orúkọ ilé-ìwé. Ẹ̀kọ́ ni ó yà wọ́n, kì í ṣe ọpọlọ: àlejò ní ojú, kò fi ríran.

Nítorí náà, kí ilé-ìwé wa kọ́ ọmọ láti ka igun, kí ó sì wo ibi tí àwòrán kọjú sí. Kí agbanisíṣẹ́ fi àpẹẹrẹ hàn án ṣáájú ìdánwò.