Ẹni Tó Ń Ta Géèmù, Kí Ló Fẹ́ Fi Káàdì Wa Ṣe?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré ọmọdé létí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, ọmọ ọmọ mi kan, ọmọ ọdún 13, wá bá mi, ó ní, "Bàbá, ẹ yá mi ní káàdì ìdánimọ̀ yín." Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun fẹ́ ra nǹkan kan nínú géèmù tí òun ń ṣe lórí pọ́tábù, pé kò ju ẹgbẹ̀rún kan fráǹkì lọ. Ìsọ̀ tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ní kí wọ́n fi àwòrán káàdì àgbàlagbà ránṣẹ́. Mo gba pọ́tábù lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọ awò mi, mo kà á. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì ilé, í-méèlì, nọ́ńbà fóònù: ọmọ yìí ti kọ gbogbo rẹ̀ tán. Nọ́ńbà tó kọ, tèmi ni, èyí tí owó MoMo mi wà lórí rẹ̀. Káàdì nìkan ló kù.

Mi ò fún un. Ó bínú, kò jẹun alẹ́. (Ìyá rẹ̀ àgbà ló bẹ̀ ẹ́, èmi kọ́.)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé état civil ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi gba ìfẹ̀yìntì. Èmi kì í ṣe ọ̀tá ẹni tó ń kọ orúkọ sílẹ̀. Èmi gan-an ni mò ń rìn láti abúlé dé abúlé, tí mò ń bẹ àwọn ìyá pé kí wọ́n jẹ́ ká kọ orúkọ ọmọ wọn. Àwọn àgbà kan a wò mí, wọ́n á ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Wọn ò gbàgbé owó orí ayé àwọn Faransé, nígbà tí àwọn èèyàn wa ń sá kọjá ààlà lọ sí ìhà Nàìjíríà. Ohun tí mo ń sọ fún wọn ni pé ìwé yìí kò ní kúrò lọ́dọ̀ ìjọba, inú àpótí onírin la ó tì í mọ́. Bí ẹnì kan bá sì wá béèrè ìwé ìbí ẹlòmíràn, a máa ń bi í pé: kí lo jẹ́ sí i, kí lo fẹ́ fi ṣe? Torí pé ẹni tó bá ní orúkọ èèyàn, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti àwòrán káàdì rẹ̀ lọ́wọ́, ó lè sọ ara rẹ̀ di onítọ̀hún níwájú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó lè fi yáwó. Ó lè fi lu jìbìtì.

Ẹni tó ń ta ilẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ orúkọ ẹni tó ń rà á, kí ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ta iyọ̀ ń kọ́? Mo gbà pé ẹni tó ń ta géèmù ní láti mọ ibi tí owó ti wá. Mo gbà pé ó yẹ kó béèrè ọjọ́ orí, torí géèmù mìíràn wà tí kò yẹ ọmọdé. Ṣùgbọ́n kí èèyàn béèrè ọjọ́ orí, ìyẹn yàtọ̀ sí kó gba àwòrán káàdì, kó sì kó o pamọ́.

Àwọn kan á ní ilé-iṣẹ́ ńlá ni wọ́n, kò séwu. Ní oṣù kẹrin ọdún 2011, olè wọ ìsọ̀ PlayStation ti Sony. Àkáǹtì bíi mílíọ̀nù 77 ni ọ̀rọ̀ náà kàn: orúkọ, àdírẹ́sì, ọjọ́ ìbí. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ti ibẹ̀ pa. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, Discord, níbi tí àwọn aṣeré géèmù ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kéde pé àwòrán káàdì àwọn èèyàn bí ẹgbẹ̀rún 70 lè ti bọ́ sọ́wọ́ olè. Àwọn káàdì tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti fi hàn pé àwọn kì í ṣe ọmọdé ni o! Ní Amẹ́ríkà, ní ìparí ọdún 2022, Epic Games tó ni Fortnite gbà láti san mílíọ̀nù 520 dọ́là. Mílíọ̀nù 275 nínú rẹ̀ jẹ́ owó ìtanràn, torí ìjọba ní wọ́n gba ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 láìgba àṣẹ òbí. Èèyàn lè pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà. Ta ló lè pààrọ̀ ọjọ́ ìbí?

Tiwa tún ní wàhálà mìíràn. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà ni kò sí nínú àwọn ibi tí PlayStation ti ń gba oníbàárà. Kí làwọn ọmọ wa ń ṣe? Wọ́n á kọ pé France làwọn ń gbé. Irọ́ ni wọ́n fi wọlé. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹnu wo ni a ó fi ṣàròyé? Síbẹ̀, àròyé máa ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, Sony ní dandan ni kí àwọn tó ń ṣe Helldivers 2 lórí kọ̀ǹpútà ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ òun. Àwọn oníbàárà pariwo, láàárín ọjọ́ díẹ̀ Sony yí ọ̀rọ̀ náà padà.

Òfin sì wà nílé. Code du numérique ti Bẹ̀nẹ̀, Òfin 2017-20 ti 20 oṣù kẹrin 2018, sọ pé ìwọ̀n tí iṣẹ́ bá nílò nìkan ni kí wọ́n gbà lọ́wọ́ èèyàn. Ó fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n kọ nípa wa, kí wọ́n sì tún un ṣe tàbí kí wọ́n pa á rẹ́. APDP ló ń bójú tó o, ibẹ̀ la ti ń gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Tógò náà ní tirẹ̀ láti ọdún 2019. Ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Mélòó nínú àwọn ìyá wa ló lè kà á?

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa nìyí: kí a túmọ̀ apá yẹn sí Yorùbá, kí àwọn baálẹ̀ jẹ́ kí wọ́n kà á ní ìpàdé àdúgbò. Kí a sì kọ lẹ́tà sí APDP pé, ìsọ̀ géèmù tó ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ Bẹ̀nẹ̀, ta ni ó ń jíhìn fún? Kí lẹ́tà náà tó dáhùn, ọmọ tó bá fẹ́ ra géèmù, ẹ bá a wá káàdì tí wọ́n ń fi owó ọwọ́ rà, èyí tó ní nọ́ńbà lára, kó má fi MoMo yín sí i.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà, n ó mú un wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀. Ẹni tó bá rí irú ìbéèrè yẹn lórí pọ́tábù ọmọ rẹ̀, kó mú pọ́tábù náà dání, kí a jọ kà á.