Àtọ̀gbẹ kì í fẹ̀yìn tì, kí ló dé tí káàdì ìlera fi ń fẹ̀yìn tì?

Àwọn àgbà ní òkété tó bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ fúnra rẹ̀ kò bá rí jẹ ńkọ́, kí ni òkété àgbà yóò ṣe?

Láìpẹ́ yìí ni mo wà ní ilé ìtajà oògùn kan ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin nígbà tí bàbá àgbàlagbà kan wọlé. Ó kí wa dáadáa, ó sì fa ìwé tí dókítà kọ fún un yọ láti inú àpò agbádá rẹ̀. Oògùn mẹ́ta ló wà nínú ìwé náà: abẹ́rẹ́ insulin, hóró oògùn àtọ̀gbẹ, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọbìnrin tó ń tajà ṣírò owó wọn. Bàbá ní kó yọ abẹ́rẹ́ kúrò. Ọmọbìnrin náà tún un ṣírò. Bàbá ní kó yọ ti ẹ̀jẹ̀ ríru náà. Níkẹyìn, páálí hóró oògùn kò ṣeé rà tán, ẹyọ ike kan tó ní hóró mẹ́wàá ni wọ́n gé fún un.

Ọmọbìnrin náà ní, "Bàbá, méjì lójúmọ́ ni dókítà kọ o."

Bàbá dáhùn pé, "Mo mọ̀, ọmọ mi. Ẹyọ kan ni n óò máa lò títí owó ìfẹ̀yìntì yóò fi wọlé."

Èmi àti bàbá yìí jọ jókòó díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì tó wà níta. Ó sọ fún mi pé ọdún márùndínlógójì gbáko ni òun fi sin ìjọba àpapọ̀. Kò sunkún, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní nígbà tí òun wà lẹ́nu iṣẹ́, tí ara òun ṣì le, òun ní káàdì ìwòsàn. Nísinsìnyí tí àìsàn dé, káàdì kò sí mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà, òun ni mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ní ọdún 1999 ni òfin tó dá ètò adójútòfò ìlera sílẹ̀ ní Nàìjíríà jáde. Oṣù Kẹfà ọdún 2005, nígbà ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ni ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ètò tó dára ni. Òṣìṣẹ́ kan, ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún ló wà lábẹ́ káàdì kan. Bí oògùn wọn bá jẹ́ ₦10,000, ₦1,000 péré ni òṣìṣẹ́ yóò san lápò ara rẹ̀. Ètò náà ni yóò san ìyókù.

Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá fẹ̀yìn tì ni wàhálà dé. Orúkọ rẹ̀ yóò kúrò nínú ìwé owó oṣù, owó tí ìjọba ń san lórí rẹ̀ fún ètò ìlera yóò sì dúró. Ìyàwó tó wà lábẹ́ káàdì náà yóò bá a já bọ́. Lóòótọ́, àyè wà fún ẹni tó bá fẹ́ láti fi owó ara rẹ̀ wọ ètò náà padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò sì tíì bẹ̀rẹ̀, ibo ni yóò ti rí owó náà?

Ẹ má sì rò pé owó ìfẹ̀yìntì a máa tètè wọlé. Láti ìgbà tí òfin ọdún 2004 ti sọ ètò ìfẹ̀yìntì di ti ìfowópamọ́, ó yẹ kí ìjọba àpapọ̀ san ẹ̀tọ́ iṣẹ́ tí ènìyàn ti ṣe ṣáájú òfin náà sínú àpò rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ ló dúró fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó rí i gbà. Gbèsè náà pọ̀ débi pé ní oṣù Kejì ọdún 2025, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí yíyá bílíọ̀nù 758 náírà láti fi san án. Nítorí náà, ọjọ́ kan náà ni owó oṣù lọ, ni káàdì lọ, tí owó ìfẹ̀yìntì kò sì tíì dé. Àtọ̀gbẹ nìkan ni kò lọ síbì kankan.

Ti àwọn tó wà lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tún burú ju èyí lọ. Àwọn olùkọ́ tó kọ́ wa ní "a, b, d", àwọn nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní káàdì kankan rí, nítorí pé nígbà tí ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò dara pọ̀ mọ́ ọn.

Nígbà kan, ọ̀ràn yìí ìbá ṣe é fara dà, torí oògùn kò wọ́n tó báyìí. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, dọ́là tí wọ́n ń ṣẹ́ ní nǹkan bí ₦460 gòkè kọjá ₦1,500 kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí. Òkè òkun ni insulin ti ń wá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ilé iṣẹ́ Sanofi tó ń ṣe insulin tí wọ́n ń pè ní Lantus kéde pé òun kò ní máa ta oògùn fúnra òun ní Nàìjíríà mọ́, pé oníṣòwò mìíràn ni yóò máa bá òun tà á. Ìjọba rí ìṣòro yìí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí àṣẹ tó yọ owó ibodè kúrò lórí ẹ̀rọ àti èròjà tí wọ́n fi ń ṣe oògùn nílé. Ó dára, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ oògùn kì í hù lóru ọjọ́ kan, àtọ̀gbẹ kò sì ní dúró dè é.

Àwọn kan lè ní, ṣé tí bàbá bá lo ẹyọ kan dípò méjì fún oṣù díẹ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ kì í pariwo ni. Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ yóò máa ba àwọn iṣan kéékèèké jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ojú yóò máa ṣe bàìbàì. Ẹsẹ̀ yóò kú, ẹ̀gún yóò gún un, ẹni tó ni ẹsẹ̀ kò ní mọ̀ títí yóò fi di egbò tí kì í jinná. Kíndìnrín yóò máa rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí kíndìnrín bá kọṣẹ́, ó di fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ dín owó fífọ ẹ̀jẹ̀ kù láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ kan, UCH Ìbàdàn sì wà lára wọn. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ₦38,000 ni àlàfo tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ dí ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n bá fọ ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ìjọba tó lè rówó fún kíndìnrín tó ti bàjẹ́, ṣé kò lè rówó fún hóró oògùn tí kò ní jẹ́ kó bàjẹ́?

Ẹnì kan yóò ní àlá lásán ni mò ń lá. Ẹ wo Gánà tó wà nítòsí wa. Ọdún 2003 ni wọ́n ṣe òfin adójútòfò ìlera tiwọn. Ẹni tó bá ti pé àádọ́rin ọdún kò ní san owó ìwọlé ọdọọdún, ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ àjọ SSNIT wọn náà kò ní san án. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ti pé ọgọ́ta ọdún kì í sanwó oògùn tí dókítà bá kọ fún un. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, níbi tí oògùn ti wọ́n bí ojú, òfin wọn ti sọ láti oṣù Kìíní ọdún 2023 pé arúgbó tó wà lábẹ́ ètò Medicare kò gbọdọ̀ san ju dọ́là 35 lọ lóṣù lórí oríṣi insulin kan. Àwọn tó ṣàwárí insulin ní Kánádà ní ọdún 1921 sì ta ẹ̀tọ́ wọn lórí rẹ̀ fún yunifásítì Toronto ní dọ́là kọ̀ọ̀kan péré, torí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀mí ènìyàn ṣòwò.

Àwa náà ní òfin o. Oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tó sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Òfin náà dá owó àkànṣe sílẹ̀ fún àwọn tí kò lágbára, ó sì dárúkọ wọn: ọmọdé, aboyún, abirùn, aláìní, àti arúgbó. Arúgbó wà níbẹ̀ gbangba. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025 bákan náà, Ààrẹ Tinúbú pàṣẹ pé kí ìwòsàn ọ̀fẹ́ wà fún àwọn tí owó ìfẹ̀yìntì wọn kéré lábẹ́ ètò ìfowópamọ́. Àṣẹ rere ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe abẹ́ ètò yẹn ni gbogbo ẹni tó ti fẹ̀yìn tì wà. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn kì í fi omi gbé àṣẹ mì bí oògùn.

Mo mọ ohun tí àwọn onímọ̀ owó yóò sọ. Wọ́n á ní àgbàlagbà ń ṣàìsàn jù, pé owó ètò náà kò ní tó. Ẹ jẹ́ kí n fi èsúsú dáhùn, nítorí ọmọ Ìjẹ̀bú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ nípa rẹ̀. Bí ènìyàn ogún bá ń dá èsúsú, tí ẹnì kan dá tirẹ̀ déédéé láìfi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, ṣé ọjọ́ tó kàn án láti kó o ni olórí èsúsú yóò sọ fún un pé kò sí nínú ẹgbẹ́ mọ́? Ìlú yóò gbọ́. Owó tí ìjọba ń san fún ètò ìlera lórí òṣìṣẹ́, ara owó iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún dá a nígbà tí ara rẹ̀ le, tí kì í lọ sílé ìwòsàn. Ìgbà tó darúgbó ni ìgbà tó kàn án láti kó o.

Nítorí náà, ohun tí mò ń béèrè kò pọ̀. Èkíní, kí àjọ tó ń mójú tó adójútòfò ìlera àti àwọn tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì jọ ṣe é ní dandan pé káàdì òṣìṣẹ́ kò ní kú títí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ àkọ́kọ́ yóò fi wọlé. Bí owó náà bá ti ń wọlé, kí wọ́n máa yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ìjọba fi kún un, kí káàdì sì máa bá a lọ fún òun àti ẹni tí wọ́n jọ ń gbé. Èkejì, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ní àjọ adójútòfò ìlera tirẹ̀. Kí ó fi orúkọ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lọ́dọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àjọ náà láti ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì, kí àwọn àgbà má lọ máa tò lórí ìlà kiri. Ẹ̀kẹta, kí hóró oògùn àtọ̀gbẹ àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru máa wà ní ilé ìwòsàn alábọ́dé ní Ìmùṣin, Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, Ògbèrè àti irú wọn, kí ẹni tí kò lówó oògùn má tún máa wá owó ọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde.

Àwa ọmọ ìlú náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní régbérégbé. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, nígbà Ojúde Ọba, gbogbo ayé ń rí aṣọ wa. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má dá aṣọ. Ṣùgbọ́n bí régbérégbé kọ̀ọ̀kan bá bu díẹ̀ nínú owó aṣọ láti fi san owó káàdì fún àwọn àgbà mélòó kan ní ìlú wọn lọ́dọọdún, aṣọ náà yóò tún dán sí i.

Ẹ̀yin àgbà wa tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe máa dá hóró oògùn sí méjì láìsọ fún dókítà. Ẹ sọ fún un láìtijú pé owó kò tó. Oògùn kan náà lè ní orúkọ méjì, kí ọ̀kan wọ́n ju èkejì lọ. Metformin ni ohun tó wà nínú Glucophage, ilé iṣẹ́ púpọ̀ ló sì ń ṣe é ní owó pọ́ọ́kú. Dókítà tàbí apòògùn ló lè sọ èyí tó bá yín mu.

Ní ti bàbá tí mo bá pàdé ní Ìmùṣin, hóró mẹ́wàá ló gbé lọ sílé lọ́jọ́ náà. Oògùn ọjọ́ márùn-ún ni, ó sì fẹ́ fi jẹ ọjọ́ mẹ́wàá. Ọdún márùndínlógójì ni bàbá fi dá èsúsú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kó o.