Àlejò Kọ́ Ló Jẹ Iṣu Onílé: Ẹ̀kọ́ Ọdún 1969 àti Ọdún 1983

Bí ọjà bá ti wọ́n ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí owó ọwọ́ kò sì ká oúnjẹ mọ́, ọ̀rọ̀ kan a máa jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn ní ibùdókọ̀, lábẹ́ àtíbàbà ọjà, àní níwájú mọ́sálásí pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kírun tán: “Àwọn àlejò wọ̀nyí ló fà á. Kí wọ́n máa lọ sí ìlú wọn.” Ẹni tí ó sọ ọ́ kì í béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ ọ a mi orí, a ní bẹ́ẹ̀ ni. Láìpẹ́, ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ a di ohun tí gbogbo àdúgbò gbà gẹ́gẹ́ bí òtítọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Wọ́n sọ ọ́ ní Gánà ní ọdún 1969, Yorùbá ni wọ́n sì sọ ọ́ sí. Wọ́n sọ ọ́ ní Nàìjíríà ní ọdún 1983, ọmọ Gánà ni wọ́n sì sọ ọ́ sí. Ní ìgbà méjèèjì, ìjọba ṣe bí ọ̀rọ̀ náà ti wí, ó lé àlejò. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa méfò nípa ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá lé àlejò kúrò nílùú. Wọ́n ti dán an wò. Ohun tí ó yẹ onílàákàyè ni pé kí ó gbé ìjọ àlejò méjèèjì yìí sórí ìwọ̀n, kí ó wo bí ayé wọn ti rí kí wọ́n tó lé wọn, kí ó sì bi àwọn tí ó lé wọn léèrè pé: èrè wo ni ẹ jẹ?

Ti Yorùbá ní Gánà ni ó ṣáájú. Nígbà tí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso Gánà àti Nàìjíríà, kí Gánà tó gba òmìnira ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹta, ọdún 1957, ni àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ṣakí, Ìgbòho àti ìlú mìíràn ti ń lọ síbẹ̀. Òwò ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n kiri aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti ọjà wẹ́wẹ́ láti abúlé dé abúlé, títí wọ́n fi ní ìsọ̀ ní Accra, ní Kumasi àti ní Tamale. Ọkọ ń tà, aya náà ń tà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá ti rí ọwọ́ mú a ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n fi àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ránṣẹ́. Ọmọ náà a sìn ín fún ọdún díẹ̀, ọ̀gá a sì fún un ní owó tàbí ọjà tí yóò fi dá dúró. Ìbátan àti ìfọkàntán ni báǹkì wọn. Nígbà tí Gánà ka ènìyàn inú rẹ̀ ní ọdún 1960, àwọn Yorùbá tí ó wà níbẹ̀ tó bí 100,000.

Ní ti ìgbé ayé wọn láwùjọ, wọ́n fìdí múlẹ̀. Wọ́n ní mọ́sálásí, wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, wọ́n sì ní olórí tí ń bá ọba onílẹ̀ sọ̀rọ̀ nítorí tiwọn. Àwọn mìíràn kọ́lé. Wọ́n bímọ síbẹ̀, ọmọ sì bí ọmọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ kò mọ ilé baba wọn ju orúkọ lọ. Ohun kan ṣoṣo ni wọn kò ní: ìwé. Nígbà tí àwọn baba wọn dé, kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè ìwé ìgbélùú.

Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Dókítà Kofi Busia, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn ní ọdún náà gan-an, pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó jáde kúrò ní Gánà. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹni tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún kó ọjà jọ, ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún un láti palẹ̀ mọ́. Wọ́n ta ọjà ní ìtakútà. Ẹni tí ó tajà àwìn kò rí gbèsè gbà. Ọ̀pọ̀ dé ilé pẹ̀lú ẹrù orí nìkan, wọ́n sì di àlejò ní ìlú baba wọn. Ní ọdún kejì, Gánà tún ṣe òfin tí ó ya òwò kéékèèké sọ́tọ̀ fún ọmọ onílẹ̀.

Ǹjẹ́ ilẹ̀ Gánà rójú? Òótọ́ ni pé àwọn kan gba ìsọ̀ tí àlejò fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n oko kòkó, tí í ṣe orísun owó ìlú, kò rí alágbàṣe tó mọ́, nítorí àlejò ni púpọ̀ nínú àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1971, ìjọba náà dín iye owó sídì kù gidigidi. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1972, àwọn sójà gba ìjọba lọ́wọ́ Busia. Àlejò ti lọ, ọ̀wọ́n kò bá wọn lọ.

Ó wá kan ìjọ kejì, àwọn ọmọ Gánà ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn ọdún 1973, tí owó epo rọ̀bì gbé Nàìjíríà sókè, ti Gánà sì ń lọ sílẹ̀, àwọn ọmọ Gánà bẹ̀rẹ̀ sí rọ́ wá. Àdéhùn tí àwọn ìjọba ECOWAS ṣe ní ọdún 1979 gbà wọ́n láyè láti wọlé fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ọ̀pọ̀ kò padà lẹ́yìn àádọ́rùn-ún ọjọ́ náà, nítorí pé iṣẹ́ ń bẹ, àwọn agbanisíṣẹ́ kò sì béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn.

Ipò tiwọn yàtọ̀ sí ti Yorùbá ní Gánà. Yorùbá ní ọjà tí wọ́n ń tà. Ọmọ Gánà ní agbára apá àti ìmọ̀. Àwọn kan rànṣọ, wọ́n ṣe bàtà, wọ́n mọlé, wọ́n wakọ̀. Àwọn mìíràn kọ́ni níléèwé. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, nígbà tí Olóyè Bísí Ọnàbánjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, di gómìnà ní ọdún 1979, tí ẹgbẹ́ UPN sì sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ju olùkọ́ lọ. Àwọn ọmọ Gánà wà lára àwọn tí ó dí àlàfo náà, kò sì ṣòro láti rí baba àti ìyá ní Ìjẹ̀bú lónìí tí ó kọ́ ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì lẹ́nu wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fìdí múlẹ̀ bí Yorùbá ti ṣe ní Kumasi. Yàrá ni wọ́n háyà. Ọ̀dọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, owó tí wọ́n sì rí, ilé ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí, pẹ̀lú ọṣẹ àti mílíìkì tí ó ti wọ́n ní Gánà.

Nígbà tí owó epo wálẹ̀ ní ọdún 1981 àti 1982, ìjọba Alhaji Shehu Shagari wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1983, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Alhaji Ali Baba, kéde pé kí àlejò tí kò ní ìwé jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì kan náà! Ìjọba fi ọjọ́ kún un fún àwọn tí ó ní ìmọ̀ iṣẹ́. Orí alágbàṣe àti òtòṣì ni ẹrù náà bọ́ sí. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn tó bí mílíọ̀nù méjì, ọmọ Gánà nínú wọn sì tó bí mílíọ̀nù kan. Gánà fúnra rẹ̀ ti ti ibodè rẹ̀ láti ọdún 1982, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò náà sì ti tiwọn, kí èrò má bàa há sọ́dọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sun ìta, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn wọn, kí ọ̀nà tó ṣí ní ìparí oṣù. Àpò tí wọ́n fi kó ẹrù ni gbogbo ilé ní Nàìjíríà ṣì ń pè ní “Ghana Must Go” títí di òní. Ọjà ń ta orúkọ ìtìjú náà, kò sì sí ẹni tí ojú ń tì.

Ǹjẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà rójú? Ọdún náà kò tíì parí tí àwọn sójà fi lé Shagari kúrò, ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá. Ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari tún lé àlejò ní ọdún 1985. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, wọ́n lé òun náà kúrò. Ní ọdún 1986, náírà já bọ́. Àlejò ti lọ, ọ̀wọ́n kò bá wọn lọ.

Ó tó àkókò láti ka ohun tí ìwọ̀n sọ. Àwọn kan ní owó, àwọn kejì ní agbára iṣẹ́. Àwọn kan pẹ́ títí wọ́n bí ọmọ-ọmọ, àwọn kejì kò lò tó ọdún mẹ́wàá. Àwọn kan ń gbé papọ̀ lábẹ́ olórí tiwọn, àwọn kejì fọ́n ká sáàárín onílé. Kò sí ohun tí ó jọra nínú ìgbé ayé wọn. Síbẹ̀, ìyà kan náà ni wọ́n jẹ. Èyí fi hàn pé ìwà àlejò kọ́ ni wọ́n fi ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Bí àlejò bá lówó, wọ́n á ní ó gba ọjà mọ́ onílé lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́, wọ́n á ní ó gba iṣẹ́. Bí kò bá sì ní nǹkan kan, wọ́n á ní olè ni. Kò sí ọ̀nà tí ó lè gbà gbé ayé tí wọn kò ní rí ẹ̀sùn kà sí i lọ́rùn, nítorí pé ẹni tí ó ná owó ìlú ní ìnákúnàá ń wá ẹni tí yóò bá a ru ẹ̀bi.

Àwọn kan a máa fọ́nnu pé, “Gánà lé wa, àwa náà lé wọn, ó ti di ọ̀kan-ọ̀kan.” Ẹ̀san wo nìyẹn? Ta ni wọ́n lé ní ọdún 1983? Ṣé Busia ni? Telọ ni, alágbàṣe ni, obìnrin tí ń se oúnjẹ tà ni, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ọmọdé ní ọdún 1969. Èwo nínú wọn ló kó ìsọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́? Ta sì ni nínú àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó rí ìsọ̀ rẹ̀ gbà padà nítorí pé wọ́n lé telọ kan ní Èkó?

Àwọn mìíràn yóò ní ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tí ń bẹ ní ilẹ̀ rẹ̀, àti pé àwọn àlejò kan ń hùwà ọ̀daràn. Òtítọ́ ni méjèèjì. Ẹni tí ó jalè, kí òfin mú un, ìbáà ṣe àlejò, ìbáà ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú. Ẹni tí kò ní ìwé, kí wọ́n fi ọ̀nà tí yóò gbà rí i hàn án, kí wọ́n sì fún un ní àkókò tí ó tó. Èyí tí kò bójú mu ni pé kí wọ́n fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan jẹ gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ níyà. Ṣàgámù kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ní oṣù Keje ọdún 1999, aáwọ̀ lórí Orò di ogun láàrin Yorùbá àti Hausa níbẹ̀, ẹ̀mí púpọ̀ sì ṣòfò. Láìpẹ́, ẹ̀san dé Kánò, orí àwọn Yorùbá tí kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ṣàgámù rárá ni ó sì bọ́ lé. Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Mùsùlùmí ni ọ̀rọ̀ yìí sì yẹ kí ó kọ́kọ́ yé. Àlejò ni Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní Mẹ́dínà nígbà Hijra ní ọdún 622. Nígbà tí ó so Abdur-Rahman ọmọ Awf, tí ó ti Mẹ́kà dé lọ́wọ́ òfo, pọ̀ mọ́ Sa'd ọmọ ar-Rabi', onílé, Sa'd fẹ́ pín ọrọ̀ rẹ̀ sí méjì fún un. Abdur-Rahman ṣàdúà fún un, ó sì ní kí ó fi ọ̀nà ọjà han òun. Ó ta wàrà gbígbẹ àti bọ́tà, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́rọ̀ tí ń náwó fún ìlú náà. Àwọn ará Mẹ́dínà kò sọ pé ó gba ọjà mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ń ka ìtàn yìí nínú wáàsí, tí ó sì ń pariwo “kí àlejò máa lọ” lójú ọ̀nà, kí ó wádìí ara rẹ̀ wò.

Ọmọ Ìjẹ̀bú gan-an, níbo ni kò dé? Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Òkè-Àdó wà ní Ìbàdàn. Ọmọ Ìjẹ̀bú kún Èkó, wọ́n kún Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, àlejò sì ni wọ́n níbẹ̀. Ní Gánà pàápàá, òfin ọdún 2013 béèrè mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ àlejò tí ó bá fẹ́ ṣòwò ọjà títà, wọ́n sì ti tìtorí rẹ̀ ti ìsọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà pa. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn kan jáde ní Accra, wọ́n ń kígbe pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa lọ. Inú bí àwọn ènìyàn nílé nígbà tí wọ́n gbọ́. Ó yẹ kí inú bí wọn. Ṣùgbọ́n ẹnu tí ó ń bú ará Accra, ṣé kì í ṣe òun náà ló ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà sí ẹni tí ń ta tòmátì ní ọjà Ìjẹ̀bú?

Nítorí náà, kí onílé fún àlejò tí ó háyà yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí owó. Kí ìjọba ìbílẹ̀ mú ìforúkọsílẹ̀ rọrùn, kí ó má sì jẹ́ ọ̀nà àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Kí àlejò náà gba ìwé rẹ̀ ní àkókò, kí ó gbọ́ èdè onílé, kí ó má sì bo ọ̀daràn inú ẹ̀yà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí imáámù àti baálẹ̀ sì la ẹnu wọn nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, kí ó tó di iná. Bí ọjà bá tún wọ́n lọ́la, kí ará ìlú béèrè ìṣirò lọ́wọ́ àwọn tí àpò ìlú wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀dọ̀ wọn ni iṣu náà ti poórá ní ọdún 1969 àti ní ọdún 1983. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹni tí ebi ń pa lónìí lọ wá a sí.